Ààyè Ìka Méjì

Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, ojú rẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Télọ̀ fi jókòó sẹ́yìn obìnrin awakọ̀ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀, tó ń wo abẹ́ apá ọ̀tún kóòtù obìnrin náà bó ṣe ń ya. Bó bá yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ojú ibi tí wọ́n ti rán an á là. Bó bá yí i sósì, á tún padé, bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì. Lọ́jọ́ kìíní, òwú méjì péré ló já. Lọ́jọ́ kẹrin, àtàǹpàkò ènìyàn lè gba ibẹ̀ wọlé. Ó ń dun Télọ̀ bí ẹni pé awọ ara tirẹ̀ ló ń ya. Àmọ́ àlejò ni. Ọdún mẹ́fà ló ti lò nílùú náà, àlejò náà ni wọ́n ṣì ń pè é, àwọn àgbà sì ti wí pé àlejò lójú, kò fi ríran.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ló wí, “abíyá yín ń ya.”

Awakọ̀ gbé ojú sókè, ó wò ó nínú dígí. “Kí lo wí?”

“Abíyá kóòtù yín ni mo ní lọ́kàn. Ó ti ń ya láti ọjọ́ Ajé.”

“Láti ọjọ́ Ajé lo ti ń wo abíyá mi?”

Ẹ̀rín sọ nínú ọkọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó gbé àpò lé itan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Awakọ̀, iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò o! Abíyá ò ní pa wá, kòtò ló máa pa wá.”

Ojú ti Télọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, kì í sì í tijú nídìí iṣẹ́ rẹ̀. “Aránṣọ ni mí, mà. Ẹni tó rán kóòtù yẹn kò rò ó pé ẹni tó máa wọ̀ ọ́ á gbé apá.”

Obìnrin náà yíjú sójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Télọ̀ tó gbọ́ pé ọdún mẹ́jọ ló ti ń wa bọ́ọ̀sì, ọdún mẹ́jọ ló sì ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gán abẹ́ apá yẹn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní kóòtù kò ní àbùkù, èjìká rẹ̀ ló fẹ̀ jù fún obìnrin. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Télọ̀ ti máa sọ̀ kalẹ̀, obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, kò bojú wẹ̀yìn.

“Ṣé kì í ṣe èjìká mi ló burú?”

“Èjìká yín ò burú, mà. Ààyè ni wọn ò fi sílẹ̀ fún un.”

*

Ṣọ́ọ̀bù tí Télọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì gígùn tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, fèrèsé tó kọjú sí òpópónà, àti àga onítìmùtìmù tí Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ni ibẹ̀, máa ń jókòó sí. Ọmọ bíbí ìlú náà ni Ìyá Ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò sì ríran dé ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kọjá ní òpópónà yẹn tí kò rí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí obìnrin awakọ̀ náà gbé kóòtù rẹ̀ wá, ó ti rí i kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

“Télọ̀, abíyá dé o.”

Télọ̀ tú abẹ́ apá náà, ó gé ègé aṣọ kékeré onígun mẹ́rin, ó rán an sí àárín ibi tó tú. Kò gbà ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó wa bọ́ọ̀sì tí kò sí níbẹ̀ yí tábìlì ká. Kóòtù kò fà, kò ya, kò sunkì. Ó dúró lójijì níwájú Télọ̀. Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ rọra o,” ni Ìyá Ṣọ́ọ̀bù wí, “ẹ má fi ṣọ́ọ̀bù mi kọlu ògiri.”

Télọ̀ kò gbọ́. Obìnrin tó gbé apá méjèèjì sókè tí ohunkóhun kò fà á sẹ́yìn ló ń wò.

*

Oṣù méje lẹ́yìn náà, gbogbo èrò ọkọ̀ òwúrọ̀ ló ti mọ̀ pé àga ẹ̀yìn awakọ̀ ti ní olówó orí. Ní òpin ìrìn, níbi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó yí padà, ni ìfẹ́ wọn ti ń gbèrú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ kànga. Wọ́n á pín búrẹ́dì kan jẹ. Télọ̀ a máa pè é ní Awakọ̀, òun náà a sì máa pe ọkùnrin náà ní Télọ̀, bí ẹni pé orúkọ mìíràn kò sí láyé.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ tún pè?” ni Awakọ̀ bi í lọ́jọ́ kan.

“Ó pè. Ìwé tí mo máa fi lọ bá a ti jáde. Ó ní kí n buwọ́ lù ú kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.”

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún kan náà ni wọ́n kúrò nílé, ọ̀nà ló yà. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, tó kọ́ òfin, tó gbé ọwọ́ sókè tó sì búra, ó ti di ọmọ ilẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Lọ́dọ̀ Télọ̀, ìwé lọ̀tọ̀, ọmọ ilẹ̀ lọ̀tọ̀. Ènìyàn lè gba ìwé, kí ó máa san owó orí, kí ó mọ òfin ju adájọ́ lọ, ẹlẹ́ran tó ń gé ẹran fún un á ṣì máa fi ẹ̀rín bi í pé, “Ìgbà wo lò ń lọ sílé?”

“Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọ̀hún tù ú lára?”

Télọ̀ fa búrẹ́dì ya. “Ó ní wọ́n ṣílẹ̀kùn fóun gbayawu, àmọ́ wọ́n ní kóun bọ́ gbogbo nǹkan tóun gbé wá sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ẹ̀ ò gbọ́ èdè wa. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ kì í ṣe èyí tí bàbá wa sọ ọ́. Ó ní, ‘Àbúrò, níbí, o máa di tiwọn pátápátá. Níbẹ̀ yẹn, tìẹ wà lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ ẹnu ọ̀nà lo ṣì dúró sí. Mú èyí tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn.’”

“Èwo ló wá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn?”

“Inú bọ́ọ̀sì yìí.”

Awakọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò pẹ́. “Wá rí bàbá mi. Mo ṣèlérí fún ìyá mi lórí ibùsùn tó kú sí pé bàbá mi ló máa fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Mi ò ní yọ́ jáde nílé bàbá mi bí olè, Télọ̀. Mi ò sì ní ní kó o lọ rákò níwájú ẹnikẹ́ni nítorí mi.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n rá.”

“Mo mọ̀. Òun ló ń bà mí lẹ́rù. Bàbá mi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ̀.”

*

Ọ̀gá Bodè ni gbogbo ìlú mọ bàbá Awakọ̀ sí. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sí ẹnubodè, tó ń tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà àwọn tó ń wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Yàrá ìgbàlejò rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àga méjì ló kọjú sí fèrèsé. Bí Télọ̀ ṣe fẹ́ jókòó sí ọ̀kan, Awakọ̀ yára fà á lápá, torí àga ìyá rẹ̀ nìyẹn, ó fi àpótí ìjókòó hàn án. Lára ògiri ni kóòtù iṣẹ́ bàbá náà gbé kọ́ sínú ọ̀rá: búlúù tó dúdú, bọ́tìnnì mẹ́fà tó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Télọ̀ kí i bí ọmọ ti ń kí àgbà. Bàbá náà dáhùn, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

“Ibo lo ti wá?”

Télọ̀ sọ ibi tó ti wá.

“Kí lo wá ṣe?”

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi, Bàbá. Aránṣọ ni mí.”

“Ọjọ́ wo lo máa padà?”

“Bàbá!” ni Awakọ̀ wí. “Ẹnubodè kọ́ lẹ wà o.”

“Jẹ́ kó dáhùn.”

Àwọn ìbéèrè mẹ́ta tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bi gbogbo ayé nìyẹn. Télọ̀ náà ti dáhùn wọn rí, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, níwájú ẹlòmíràn. “Ìkẹta yẹn, Bàbá, mi ò ní ọjọ́ kankan tí mo lè sọ.”

“O ò rí i? Ẹni tó ní ọjọ́ ìpadà, àlejò ni, a mọ bá a ṣe ń ṣe é. Ẹni tí a bí síbí, onílé ni. Ẹni tí a ò bí síbí, tí kò sì ní ọjọ́ ìpadà, abẹ́ ibo lo fẹ́ kí n kọ orúkọ ẹ̀ sí?”

“Ẹ lè ṣí ojú ìwé tuntun, Bàbá.”

Bàbá náà mi orí. Kò bínú. “Ẹnu ẹ mú. Mi ò kórìíra ẹ, ọmọkùnrin. Mo ti rí èèyàn burúkú tí ìwé ẹ̀ pé ju tìẹ lọ. Àmọ́ wo kóòtù yẹn. Ọmọ ilẹ̀ yìí ló hun aṣọ ẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí ló rán an, ọmọ ilẹ̀ yìí ló wọ̀ ọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Láti ọrùn dé ìdí, kò sí àjèjì nínú ẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kí ilé mi rí nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Télọ̀. Ó gbé e mì. Ó dìde, ó wo kóòtù náà bí oníṣẹ́ ti ń wo iṣẹ́. “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbà mí lálejò, Bàbá. Kóòtù dáadáa ni. Ẹni tó rán an mọ iṣẹ́.”

Lójú pópó, Awakọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. “O ò tiẹ̀ bá a jiyàn?”

“Ilé ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ẹ̀bẹ̀ wọlé, ẹ̀bẹ̀ náà láá máa fi jókòó.”

*

Télọ̀ kò wọ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ìrìn wákàtí kan, torí kò mọ ohun tó máa sọ fún Awakọ̀ nínú dígí. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ wà lábẹ́ aṣọ tó tẹ́ sórí tábìlì. Bó bá ti ń gé aṣọ, á máa gbọ́ bó ṣe ń dún gèrègèrè lábẹ́ sísọ́ọ̀sì. Ṣé kí ènìyàn máa dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọjọ́ ogbó nítorí obìnrin kan? Ṣé kí ó lọ síbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí, kí ó sì bọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀? Bí bọ́ọ̀sì bá ti kọjá lójú fèrèsé, ìbéèrè méjèèjì á fò lọ, kìkì ojú Awakọ̀ láá kù.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kan tí Télọ̀ rán apá ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà mọ́ ibi ọrùn, obìnrin náà gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀.

“Mò ń lọ sílé Ọ̀gá Bodè.”

“Ta ló rán yín, mà?”

“Ta ló ń rán alárinà? Bí ebi bá ti ń pa ṣọ́ọ̀bù, alárinà á rán ara ẹ̀.”

Ọjọ́ ti lọ kí ó tó padà dé. Ó wó sórí àga rẹ̀, ó bọ́ bàtà.

“Ṣé ó gbà?” ni Télọ̀ bi í.

“Ó fún mi ní tíì, ó ní rárá. Mo gba ọ̀nà míì yọ sí i, ó tún fún mi ní tíì, ó tún ní rárá. Ìtọ̀ ló lé mi wálé.” Ó ṣí àpamọ́wọ́ ńlá náà. “Àmọ́ wo nǹkan tí mo gbà bọ̀.”

Kóòtù búlúù ni. Ẹnubodè fẹ́ gbé àwòrán àwọn ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì kọ́ sára ògiri wọn, kálukú gbọ́dọ̀ wá ya àwòrán nínú kóòtù tó fi ṣiṣẹ́, ọjọ́ náà kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́. Ọ̀gá Bodè ti sanra láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú: ó jókòó sójú kan, ó ń wo fèrèsé. Bọ́tìnnì kò dé ihò. Aránṣọ mẹ́ta nílùú ló ti wò ó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ààyè kankan tí wọ́n lè tú sílẹ̀.

“Mo sọ fún un pé ojú mi ti kú, ọwọ́ ẹ ló máa kàn án,” ni Ìyá Ṣọ́ọ̀bù wí. “Ó dákẹ́ títí tíì mi fi tutù. Ó wá ní, ‘Kó má bà á jẹ́ o. Tó bá bà á jẹ́, kó má tún kan ilẹ̀kùn mi láéláé.’”

“Tí mi ò bá bà á jẹ́ ńkọ́?”

“Ìyẹn ni kò sọ.”

Télọ̀ tẹ́ kóòtù náà sórí tábìlì. Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń ronú.

Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ti kọ́ṣẹ́, òfin kan wà tí ọmọṣẹ́ máa ń gbọ́ kí ó tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kó òwú sí abẹ́rẹ́. A kì í rán ẹ̀wù fún ènìyàn láìfi ààyè ìka méjì pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá rán ẹ̀wù fún mọ́ ènìyàn lára ti ṣépè fún un ni: ó ní kí ó má dàgbà, kí ó má sanra, kí ire rẹ̀ má ju ti òní lọ. A kì í sì í fi ààyè náà sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí onírẹ́jẹ ti lè gé e kúrò. Àárín ẹ̀yìn ni à ń ká a sí, lábẹ́ aṣọ inú, a ó sì fi òwú so ó lókè àti nísàlẹ̀, kí òwú náà yà sí mẹ́ta bí ẹsẹ̀ ẹyẹlé. Oníbàárà kì í mọ̀. Àdúrà tí a kò fẹnu gbà ni.

Àtàǹpàkò Télọ̀ ti rìn dé àárín ẹ̀yìn kóòtù náà kí ó tó mọ̀ pé òun ń wá nǹkan. Ó dúró. Ó nípọn níbẹ̀.

Ó fi ẹnu abẹ tú aṣọ inú, díẹ̀díẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ yọ síta, búlúù tí oòrùn kò kàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n: méjì. Lókè, òwú yà sí mẹ́ta. Nísàlẹ̀, òwú yà sí mẹ́ta.

Télọ̀ gbé abẹ sílẹ̀, ó jókòó.

“Kí ló dé? Ṣé o ti bà á jẹ́?” ni Ìyá Ṣọ́ọ̀bù kígbe.

“Ará wa ló rán an, mà.”

Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ òwú náà torí ojú rẹ̀ kò ká a. “Ilé ìránṣọ ìjọba wà lẹ́bàá odò láyé ìgbà yẹn. Àwọn èèyàn bíi tiyín pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé. A ò kì í bá wọn sọ̀rọ̀.” Ó tún un sọ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. “A ò kì í bá wọn sọ̀rọ̀.”

Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ yá gágá. “Ó yá, gbé e lọ báyìí! Na ẹ̀yìn ẹ̀ sí i lójú! Bi í pé àjèjì dà?”

“Rárá, mà. Mi ò ní fi ìtìjú fẹ́yàwó. Kóòtù ló fún mi, kóòtù ni n ó dá padà fún un.”

Ó tú ìka kan sílẹ̀, ó fi ìka kan pamọ́, torí ènìyàn kì í dàgbà tán níwọ̀n ìgbà tó wà láàyè. Ó fi ẹsẹ̀ ẹyẹlé so ó, ó pa aṣọ inú dé, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ títí kò fi sí àpẹẹrẹ pé ọwọ́ kan débẹ̀. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ló dá a padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, Télọ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò ní buwọ́ lu ìwé yẹn.”

“Bàbá ọmọ yẹn ti gbà?”

“Kò gbà.”

“Ṣé orí ẹ pé?”

“Ẹnìkan ti wá síbí ṣáájú mi, Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣiṣẹ́ débi pé aṣọ tí wọ́n fi ń yangàn, òun ló rán an, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Tí èmi náà bá kó ẹrù mi lọ, á tún dà bí ẹni pé a ò wá rí. Mo fẹ́ dúró síbi tí wọ́n ti máa rí mi. Bí wọ́n bá fẹ́ràn mi, ó dáa. Bí wọn ò fẹ́ràn mi, mo wà níbẹ̀.”

Ohùn Ẹ̀gbọ́n ti rẹlẹ̀ nígbà tó fèsì. “Tó o bá bímọ, kọ́ ọ lédè wa.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Télọ̀ wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó sí àga rẹ̀. Awakọ̀ rí i nínú dígí, kò sì ṣáná sí ọkọ̀.

“Mi ò lọ mọ́,” ni Télọ̀ wí.

“Bàbá mi ò tíì sọ nǹkan kan o.”

“Mo mọ̀. Mi ò lọ, ó parí.”

Awakọ̀ kò mú ojú kúrò nínú dígí. Bàbá alápò lẹ́yìn tún figbe ta: “Awakọ̀, iwájú! Iwájú ni mo wí!”

*

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀sì dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀. Ọ̀gá Bodè sọ̀ kalẹ̀ nínú kóòtù rẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dé ihò. Bọ́ọ̀sì bá tirẹ̀ lọ. Ó wọlé, ó dúró gbọnrangandan láàárín yàrá.

“Aránṣọ mẹ́ta ní kò sí ààyè. Ó ti wá gbà mí báyìí. Ibo lo ti rí aṣọ tó jọ ọ́? Mi ò fẹ́ àlẹ̀mọ́ lára aṣọ ìjọba.”

“Kò sí àlẹ̀mọ́ níbẹ̀, Bàbá. Aṣọ ara ẹ̀ ni.”

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tú ẹrù wò, ọmọkùnrin. Mo mọ̀ bí nǹkan bá wà lábẹ́ nǹkan.”

“Ẹ bọ́ ọ, Bàbá, kí n fi hàn yín.”

Télọ̀ tú aṣọ inú tó ti pa dé, ó fi aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ hàn án, ó fi òwú tó yà sí mẹ́ta hàn án. Bàbá náà tẹ̀ síwájú.

“Ta ló fi èyí síbẹ̀?”

“Ẹni tó rán an.”

“Kí ló dé tí àwọn aránṣọ wa ò rí i?”

“Wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá wò. Bí a ṣe ń ránṣọ lọ́dọ̀ wa nìyẹn.”

“Ẹ̀yin wo?”

Télọ̀ wò ó lójú. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Àwa tí ẹ máa ń bi ní ọjọ́ ìpadà, Bàbá.”

Bàbá náà gbé ìka lé òwú náà, kò gbé e kúrò.

“Kí nìdí tó fi fi í síbẹ̀?”

Télọ̀ ṣàlàyé òfin ìka méjì fún un, láti orí èpè títí dé orí àdúrà.

“Kó tó gbàdúrà fún mi, ṣé ó mọ̀ mí ni?”

“Kò mọ̀ yín, Bàbá.”

“Ó ṣeé ṣe kí n ti tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ẹ̀ rí.”

“Ó ṣeé ṣe.”

“Ó sì ṣeé ṣe kí n ti dá àbúrò ẹ̀ padà.”

Télọ̀ na aṣọ náà kí bàbá náà lè rí òwú náà dáadáa.

“Ìyàwó mi,” ni bàbá náà wí. “Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá kóòtù yìí. Tó bá ti dé ọ̀gangan ibí, á dúró, á fi àtẹ́lẹwọ́ rá a. Á ní, ‘Bàbá, nǹkan kan wà níbí, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan gbé ọwọ́ lé yín lẹ́yìn.’ Mo máa ń ní kó yé sọ̀sọkúsọ.” Ó bojú wo òpópónà, ó ń wò ó bó ṣe ń wo fèrèsé ilé rẹ̀. “Ó mọ̀. Èmi ni mi ò mọ̀.”

Ó yí padà. Ó gbé èjìká sókè bó ṣe máa ń gbé e lẹ́nu iṣẹ́.

“Ọjọ́ wo...” ló bẹ̀rẹ̀, Télọ̀ sì rò pé òun ti mọ ìyókù rẹ̀. “Ọjọ́ wo lẹ máa wá?”

“Wá síbo, Bàbá?”

“Wá tọrọ ọmọ mi. Àbí èmi ni n ó wá tọrọ ẹ ni?”

Inú Télọ̀ dùn, àmọ́ òótọ́ ni òótọ́. “Bàbá, mi ò ní ẹbí níbí tí mo lè kó wá.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. “Èmi ńkọ́? Ṣé àga ni mí? Ọjọ́ Àbámẹ́ta là ń bọ̀, Ọ̀gá Bodè, kẹ́ ẹ se tíì tó pọ̀!”

Bàbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ gba kóòtù, ó tún dá ọwọ́ dúró. “Ọmọkùnrin, mo máa nílò aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Wọ̀n mí. Kó o sì fi ìka méjì yẹn sí i.”

“Ní ọjọ́ orí tí ẹ dé yìí?” ni Ìyá Ṣọ́ọ̀bù wí. “Ẹ ṣì fẹ́ sanra sí i?”

“Ta ló sọ fún yín pé mo ti dàgbà tán?”

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Bọ́ọ̀sì ti lọ, ó ti bọ̀. Awakọ̀ yọ orí láti ojú fèrèsé rẹ̀, àwọn èrò náà sì ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. “Bàbá, ṣé kí n dúró ni àbí kí n máa lọ?”

“Dúró. Wọ́n ń wọ̀n mí.”

“Wọ́n ń wọ̀n yín fún kí ni?”

“Bi ọkọ ẹ.”

Awakọ̀ wo Télọ̀. Télọ̀ gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè, téèpù ìwọ̀n ń fì lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì tí kò sí níbẹ̀. Fèrè ọkọ̀ tún dún, ó sì dún pẹ́, kò sì sí ẹnì kan nínú ọkọ̀ tó ní kí Awakọ̀ wo iwájú.

Nígbà tí fèrè dákẹ́, Télọ̀ yí padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí bàbá náà dúró tààrà. Ó fa téèpù láti èjìká dé èjìká, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín ẹ̀yìn rẹ̀.